Ife Omi Kan fún Akọ̀wé Alága

Òjò wínníwínní ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà, gbogbo ojú ọ̀run Agége sì ṣú. Mo fi ọ̀rá bo gèlè mi, mo rọra forí lé Ìkẹjà. Ìgò fífọ̀ ni iṣẹ́ mi ní ilé àyẹ̀wò omi níbẹ̀. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgò tí mo bá ti fọ̀, Mádàámù kì í tún un fọ̀. Ọ̀gá wa ni, àmọ́ mo bí i lọ́mọ dáadáa. Àárọ̀ kan kò lè kọjá kó má kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn ìgò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, alága káńsù fẹ́ ṣí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ sí àdúgbò wa. Mádàámù yẹ omi ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣáláńgá ti ń jò wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló sì máa mu ún.

Akọ̀wé alága wọlé. Ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé alága ti pe àlejò, kí Mádàámù ṣáà buwọ́ lùwé pé omi dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè gbé Mádàámù kúrò níbí lọ síbi iṣẹ́ tó jìn. Ọmọ ọwọ́ wà nílé Mádàámù. Ó di bírò mú, àmọ́ kò kọ̀wé.

Èmi mọ̀ pé a kì í gbàlejò láìfún un lómi. Mo bu omi kànga náà tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé e wá fún àyẹ̀wò, mo fi ife tó mọ́ gbé e fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹni tó gbómi wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ ò tọ́ ọ."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Omi kànga yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ń gbé e fún wa, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ká ní ó gbé e sẹ́nu, ǹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ife náà títí, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Màmá, ẹ le o," ló wí. Ó wá bi Mádàámù léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Mádàámù ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí ṣáláńgá. Akọ̀wé ní òun á jíṣẹ́ fún alága, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ ìgbékúrò yẹn.

Bó ṣe jáde, Mádàámù gbórí lé èjìká mi, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Mo ní kó lọ jẹun ná. Kí n tó lọ sílé, ó bá mi kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí: Ẹ má mu omi yìí o.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀rá gèlè mi wé páálí náà nítorí òjò, mo so ó mọ́ ẹnu kànga, mo wá gba ibi iṣẹ́ lọ.