Ère Orí Ààrò

Èéfín ààrò ló máa ń rán mi létí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbẹ́ ère ní Ìwó. Wọ́n á so ère tuntun kọ́ sókè ààrò títí yóò fi dúdú. Mo ní kí wọ́n máa fín orúkọ wọn sídìí rẹ̀, wọ́n ní, "Ohun àtijọ́ ni òyìnbó ń rà."

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú ère wọn lórí fóònù, nínú gíláàsì nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń mu gàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á fún wọn. Mo ní màá kọ̀wé sí àwọn òyìnbó náà.

"Má kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wà láàyè, ta ló máa ra èyí tó wà lókè yẹn?"