Ògiri Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Òjò

Èmi ni mo jẹ̀bi ògiri Ìyá Ẹ̀yìnkùlé tó wó. Kì í ṣe òjò nìkan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ má baà máa wò mí bí ẹni tó mọ nǹkan.

Nígbà tí imú mi ṣì ń ṣàn, agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì kún fún èèyàn. Ilé amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Yàrá tó kángun sí kànga ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ń gbé. Ìyàwó ilé ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àmọ́ gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bí sínú agboolé ló ń pè ní ọkọ òun. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á dúró lójúde, á gbójú sókè, á sọ bí ọjọ́ ṣe máa rí.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí òjò ti ń wá. Ó ń se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, ó ṣí ìdérí ìkòkò, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní oòrùn ni iná, odò àti òkun ni ìkòkò, òkè ọ̀run lọ́hùn-ún tó tutù sì ni ìdérí. Oòrùn á se omi títí á fi di ooru, ooru á gòkè, afẹ́fẹ́ á rù ú kiri, bó bá ti dé ibi tó tutù, á tún di omi, á padà sọ́dọ̀ wa. Ó ní afẹ́fẹ́ méjì ló ń du orí wa. Èyí tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ gbẹ, eruku ló ń kó wá, òun la ń pè ní ọyẹ́. Èyí tó ń ti ọ̀nà òkun bọ̀ ló ń ru omi. Èyí tó bá borí ló ni ìgbà. Nígbà tí tíṣà wa ní Bẹẹrẹ kọ́ wa ní ohun kan náà, ẹ̀wà ló ń ta sánsán sí mi nímú.

Ilé amọ̀ náà ní ìgbà tirẹ̀. Ọyẹ́ á gbẹ ògiri títí á fi là. Tí ẹ bá fi amọ̀ rẹ́ ẹ nígbà ọyẹ́, amọ̀ tuntun á gbẹ jù, á tún là. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí òjò wọlé tán, kò ní gbẹ rárá. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, la máa ń rẹ́ ẹ, kí òjò mìíràn tó dé. Gbogbo agboolé ló ń jáde fi ẹsẹ̀ po amọ̀, tí àwọn àgbà á máa bú wa pé ìdí wa pupa bíi ti ọ̀bọ.

Kí n tó dàgbà, àwọn ará agboolé ti tú ká. Àwọn kan kú, àwọn kan lọ. Ó wá ku èmi àti Ìyá Ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ògiri yàrá rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ékòó fẹ́ mú un lọ. Ìyá ní òun ò lọ, pé inú yàrá yẹn lòun ti bí wọn, ibẹ̀ lòun máa kú sí. Ọmọ náà ní ó dáa, tí ògiri bá ṣáà ti dúró. Mo ṣèlérí pé màá rẹ́ ẹ.

Àkọ́rọ̀ rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ oòrùn mú bí iná, ewé kan ò mì. Táyà ni mò ń lẹ̀ ní Mọlété, nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ ni táyà sì máa ń bẹ́. Iṣẹ́ ń wọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́. Mo ní òjò ti padà sẹ́yìn, àyè ṣì wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá dúró lójúde, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lára.

"Ọkọ mi, ooru yìí ti lóyún."

Mo ní, "Ìyá, wọn kì í lóyún lónìí kí wọ́n bí lónìí. Ẹ jẹ́ n lọ ibi iṣẹ́ ná."

"Kò burú. Ìwọ lo máa gbẹ̀bí ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló padà wá. Omi ló ti kún inú afẹ́fẹ́ tí òógùn wa ò fi gbẹ, oòrùn sì ń koná mọ́ ọn. Mo mọ èyí láti kékeré, mo kàn fi iṣẹ́ bojú ni. Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú láti ìlà oòrùn, ìjì jà, òjò tẹ̀ lé e. Mo sáré délé. Ògiri ti sùn sílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ìyá, ó jáde lọ ká aṣọ ni. Ó dúró nínú òjò, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lábẹ́ amọ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi wá mú un.

Ayé ti yí. Àkọ́rọ̀ ò mọ ìgbà mọ́, ó lè tètè dé kó sì tún sá lọ. Bẹ́ẹ̀, oòrùn kan náà ni, omi kan náà ni. Àwa la ò sí mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ayé fi ń kọ́lé, amọ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Èmi nìkan ló ń sùn nílé náà.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ékòó ni ìyá wà báyìí, níbi tí wọn kì í ti gbọ́ òjò lórí páànù. Tó bá pè mí tí òjò ń rọ̀, á ní kí n na fóònù síta. Màá dúró síbi tí ògiri rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, màá nà án. Lọ́jọ́sí, nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣó o ti tún ògiri mi mọ, o ti rẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá."

Ó ní, "Kò burú. Àkọ́rọ̀ ṣì ni."

Gbèsè ògiri ni mo jẹ ẹ́. Kò tíì sọ pé òun ò retí ẹ̀ mọ́.