Ìyá Tó Kúnlẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́ja

Lónìí, ní Rye Lane ní London, ìyá tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ, nítorí ẹja.

Ẹ̀yìn wọn ni mo tò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tí wọ́n kúnlẹ̀ fún náà ò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyá yìí ló ń bá a gbé iṣu kiri, wọ́n ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó.

"Pánla ni mo ní kó o mú. Kí lèyí?" ọmọbìnrin náà jágbe mọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, mà." Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù, níṣojú gbogbo wa.

Ọmọbìnrin náà rí bí mo ṣe ń wò ó, ó rí káàdì yunifásítì lọ́rùn mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Student, má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo gbà á síṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó mi, èmi ni mo ṣe ìwé ìgbélùú ẹ̀. Ìjọba ò ní kí n kọ́kọ́ wá ọmọ ìlú yìí síṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó bá wù mí ni mò ń mú. Tí mo bá lé e, ìwé ẹ̀ á bá iṣẹ́ lọ."

Ó na káàdì tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lórí ẹ̀ sí mi. "Tó o bá ṣetán nílé ìwé, pè mí."

Ìyá náà di apá mi mú, wọ́n dìde. "Gbà á, ọmọ mi," wọ́n rọra sọ. "Wàá nílò ẹ̀."

Mo gbà á. Kí n tó mọ̀, orúnkún tèmi náà ti tẹ̀.

Káàdì náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa pè é?