Ọdún Tí Sòbìà Mú Mi Lẹ́sẹ̀

Kókósẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń yún mi, lóko iṣu, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo họ ọ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó lé bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, ó bẹ́, nǹkan funfun bí òwú sì yọ orí síta. Kàí! Ohun tó ń mí, nínú ẹran ara mi! Mo tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ.

Sòbìà ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, aràn gígùn tín-ín-rín ni, abẹ́ awọ ló ń gbé. Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Èmi ò ké sí ewé kankan. Ó ń ta mí bí iná, omi tútù ni mo ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe lábúlé: ẹni tí sòbìà bá mú, yóò lọ ti ẹsẹ̀ bọ adágún, ara yóò sì tù ú. Adágún yẹn náà la ń pọnmi mu.

Ọkọ mi ò ní sùúrù, ó fa aràn náà, ó já. Ẹsẹ̀ wú dé orúnkún, ọyún ń dà, eṣinṣin ń bà lé e. Mo gbóòórùn ara mi, èébì gbé mi. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ yẹn ló ń bà mí: àgbẹ̀ tí kò lè dìde, kí ló kù tó fẹ́ jẹ?

Ọkọ mi fi kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ilé ìwòsàn kékeré ní Kabba. Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì sún kúrò. Mi ò bá a wí.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú egbò kí mi ní "Ọ̀kún o," bí wọ́n ṣe ń kí ni lọ́dọ̀ wa, ó wẹ egbò náà, ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó sì wé ìyókù aràn náà mọ́ igi kékeré, díẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́.

"Níbo lẹ ti ń fọ ẹsẹ̀ yìí?"

"Nínú adágún wa, sà."

"Ṣé ẹ̀ ń mu ún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí sòbìà bá ti kan omi, ó ń da ọmọ síbẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí yóò gbé e mì, ẹni tó bá mu omi yóò gbé kòkòrò mì, tó bá tó bí ọdún kan, aràn á yọ. Ó ní ká máa fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Omi egbò ni mo ti ń mu láti kékeré!

Egbò jinná, mo dìde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, omi tí àwọn baba wa mu lò ń fi aṣọ sẹ́?"

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé. Ó ti mu omi adágún yẹn kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èmi ni mo ń wé aràn náà mọ́ igi fún un láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi: "Ìyá, èmi ni mo fọ sòbìà sínú omi tí ẹ mu." Ẹkún gbọ̀n mí.

"Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dé ibẹ̀ rí?" ni ó wí. "Máa wé e jẹ́jẹ́, ó ń ro mí."

Ara mi ṣì ń kóra jọ tí mo bá rántí adágún yẹn, nítorí ohun tó ń kán lára ẹnì kan, ẹnu ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn, tó ń na ẹsẹ̀ sí mi láràárọ̀ tí kò sì sọ ohun tí mo jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.