Àna Tó Gbé Gbogbo Ìpè

Ṣé-Ẹ-Ń-Gbọ́-Mi ni orúkọ tí àwọn ará ibiṣẹ́ sọ ọ́, nítorí ìbéèrè yẹn ló máa ń bi ènìyàn kó tó kí wọn káàárọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ọkọ̀ kiri ìgboro, kí àwọn fóònù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìdíwọ̀n lẹ́yìn ọkọ̀ máa pe nọ́ńbà kan, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tún un pè, kó lè mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì ló ń gbé ìpè ọ̀hún. Bí ohùn ṣe ń já yé ọkùnrin yìí ju ohun tí ohùn ń sọ lọ, ohun tó sì kó o sí wàhálà àna rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, màmá ìyàwó rẹ̀ pè é, wọ́n ń ròyìn orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ń retí "ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó ní kí wọ́n sún mọ́ fèrèsé, ohùn wọn ń já.

"Orúnkún ni mo sọ pé ó ń dùn mí," ni màmá wí, "n ò sọ pé ohùn ni."

Wọ́n pa fóònù. Wọn ò pè é mọ́, ojú sì ń ti òun náà láti pè wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí ó sú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i: tí kò bá pè wọ́n lónìí, kó máa sùn sínú ọkọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni wa da nọ́ńbà náà kọ kó lè pè é, àfi bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló ń dúró dè. Ló bá sáré ṣí ẹ̀rọ, ó ṣèèṣì fi nọ́ńbà tó dà kọ síbi tí nọ́ńbà ọ́fíìsì yẹ kó wà, ó di ìgboro.

Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì a máa ṣe ọ̀lẹ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lónìí kò sí ìpè kan tí wọn ò gbé. Ó ń kọrin bọ̀ wálé iṣẹ́.

Ìgbà tó fẹ́ gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ ni orin kú mọ́ ọn lẹ́nu. Àna rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Nọ́ńbà ibiṣẹ́ ẹ nìyí, mo dá a mọ̀. O pè mí, o ò wá sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rọ gé wọn. Nígbà tó tún pè, wọ́n bi í bóyá ìtìjú ló dè é lẹ́nu. Nígbà tó yá, wọ́n ní bí kò ti fẹ́ jáwọ́, kó gbọ́ o, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúnkún látòkè délẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gé wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí baba ti kú, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tán nínú ilé. Ní ìpè tó kẹ́yìn, ohùn wọn ti rọ̀.

"Ọmọ mi, o ò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan lónìí. Mo ti dárí jì ẹ́. Máa bọ̀ wá wò mí."

Ojú tì í, àánú màmá sì ṣe é gidigidi. Ilé wọn ló gbà lọ tààrà. Bí ó ṣe jókòó, ó fẹ́ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ni. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Bó o ṣe dákẹ́ lórí fóònù yẹn ni kó o dákẹ́ báyìí."

Ó dákẹ́. Wọ́n na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí, wọ́n fi orúnkún tó wú hàn án. Ọ̀tún ló ti rò pé ó jẹ́ látọjọ́ yìí.