Bí Ìyàwó Ṣe Fi Ilé Hàn Alhájì

Adépéjú lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìgbẹ̀ìn ń pè é, bẹ́ẹ̀ Ìyàwó yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Ó mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sùn sí, torí inú ilé náà ni wọ́n sin wọ́n sí.

Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni. Bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó jẹun yó. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá ya fọ́tò ilẹ̀kùn onígi tí bàbá náà gbẹ́, Ìyàwó a sì mú wọn yípo. Bó bá ti rí i pé wọ́n ń kánjú, á tún ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Èmi tí mo ń gbé òdìkejì títì mọ ìwà yẹn dáadáa. Ó ti ṣe é fún mi rí, nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ ka iná.

Wàhálà dé nígbà tí Jídé, olórí ẹbí, fẹ́ ta ilé náà. Èkó ni Jídé ti ń ṣiṣẹ́, kùtùkùtù ló ń jáde, gbogbo ìgbà tí òjò bá sì jò nínú ilé yẹn, òun ni wọ́n ń pè. Ó sú u. Alhájì Akóredé, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìléwó, fẹ́ rà á kó sì wó o palẹ̀. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n gbà. Ìyàwó kò lẹ́nu níbẹ̀: ìyàwó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Ọlọ́run kò sì fún un lọ́mọ tí ì bá bá a sọ̀rọ̀. Ó sunkún sí mi lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

"Inú yàrá yẹn ni ọkọ mi wà," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa sin èmi náà sí. Bí wọ́n bá wó o, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ lọ sùn?"

Mo ní kó lọ bá Jídé jà. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Jídé ti ń rákò nínú ilé yẹn kí wọ́n tó gbé Ìyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni Jídé. Títí di òní, kì í pe orúkọ rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i.

Ní Sátidé kan, Jídé mú Alhájì wá. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ fi gbogbo ilé hàn wọ́n. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

"Bí ẹ bá ṣe wí náà ni, ọkọ mi."

Mo rí ojú Ìyàwó bó ṣe ń dìde. Mo yáa sọdá títì, n kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mi.

Alhájì wọ pálọ̀, ó ní ibẹ̀ mà fẹ̀ o.

"Ó fẹ̀, sà," Ìyàwó ní. "Orí Bàbá Àgbà ni ẹ dúró lé yẹn."

Alhájì fò sẹ́yìn.

"Ẹ rọra, sà! Màmá Àgbà rèé lẹ́yìn yín. Wọn ò fẹ́ràn bàtà."

Ẹni tó mọ̀ pé a kì í tẹ sàréè mọ́lẹ̀ ni Alhájì. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìẹ inú òjò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n fẹsẹ̀ sí?"

"Ibi tó bá wù yín. Ṣebí gbogbo wọn lẹ fẹ́ rà."

Báyìí ló ṣe mú un láti yàrá dé yàrá. Ó ń kúnlẹ̀ kí òkú kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé ẹni tó fẹ́ gbé katapílà wá ló dé yìí o. Kò parọ́ ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Alhájì ní fóònù òun ń dún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó jáde pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, kò sì padà wá.

"Ìyàwó wa!" Jídé pariwo. "Kí lẹ ṣe yìí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́, ọkọ mi. Ó tilẹ̀ ku ibi méjì."

Ó wọ yàrá ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà. "Tèmi rèé." Ó wá lọ sábẹ́ fèrèsé. "Tiyín nìyí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ máa ń bẹ̀rù òkùnkùn ní kékeré."

Mo ti ń múra láti rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Jídé wo ilẹ̀ títí. Ó wá gbójú sókè.

"Òjò ń jò síbí," ó ní.

"Ó ń jò o. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń kan páànù dé. Òkè fèrèsé yẹn ni Jídé ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.