Kéwú Ara Ewé Tòmátì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀bá odò Ògùn ní Ajégúnlẹ̀ ni ìyá mi ti ń gbin tòmátì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ lónìí lè má mọ̀, torí ilé ti bo gbogbo ilẹ̀ náà. Lọ́dún tí ó yẹ kí n ṣe wòlíìmọ̀ ìparí Kùránì nílé kéwú, ìyá mi ní tòmátì yẹn la ó fi se ọbẹ̀ àlejò. Bí kò bá so, kò sí wòlíìmọ̀.

Kí tòmátì náà tó tanná, mo rí ìlà funfun tín-ín-rín lára ewé, ó lọ́ síhìn-ín, ó lọ́ sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí Ààfáà bá kọ nǹkan sára wàláà. Mo pe ìyá mi. Ó wò ó, ó ní:

"Súbúhánàlláì! Kéwú rèé!"

Ló bá ké sí àwọn ará àdúgbò. Obìnrin kan ní òun rí lẹ́tà álífù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ò mọ kéwú kà. Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já ewé kan.

Mo gbé ewé kan sókè sí oòrùn, mo sì rí ìdin kékeré lẹ́nu ìlà náà, tó ń jẹ inú ewé lọ.

"Màámi, ìdin ló ń kọ ọ́ o!"

"Ìwọ tí o ò tíì parí Kùránì, o fẹ́ kà á fún mi?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Ojoojúmọ́ ni ìlà ń pọ̀ sí i. Àwọn eṣinṣin kéékèèké, dúdú tó ní àmì yẹ́lò, àwọn tó ń yé ìdin náà, bọ́ sórí ewé ẹ̀wà tí a gbìn sí tòsí, wọ́n tún dé orí ewé apálá.

Ìgbà tí Ààfáà wa fi máa yọjú, tòmátì ti ń gbẹ. Ó fi èékánná la ìlà kan, ó gbé ìdin náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá, ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà nínú ìwé o."

Ìyá mi já àwọn ewé náà, ó sun wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ wòlíìmọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun, èmi ń bu omi fún àlejò wọn.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ṣe tèmi lọ́dún kejì.

Mo gbin tòmátì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé wa ní Kétu báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà funfun yọ. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi já ewé náà kíá, pé ìdin ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi fóònù."

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ka èsì tí fóònù gbé wá, ó ní, "Ah, òótọ́ lẹ sọ, ìdin ni!"

Ẹ ò rí ayé bó ṣe yí? Nígbà tí mo kéré, wọn ò gbọ́ tèmi torí pé ọmọdé ni mí. Mo wá dàgbà tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi fóònù.